Agolo Ìbéèrè

Agolo mílíìkì ni. Mo fi ọ̀bẹ la ẹnu sí i lórí,
mo ní kí oníkálùkù kọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn,
kó má kọ orúkọ.
Mo lọ gbà á ní Ọjọ́bọ̀,
ó sùn lórí tábìlì ilé mi l'Ọ́bàntókò mọ́jú,
mi ò ṣí i. Àdéhùn ni.

Ọjọ́ Ẹtì, mo gun ọ̀kadà dé Òpéjì.
Eruku àwọn tó ń fọ́ òkúta ti sọ bàtà funfun mi di eérú.
Ṣówẹ̀mímọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, dúró lẹ́nu ọ̀nà:
"Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o.
Ọmọ tí a kò fi iná hàn, kì í jóná."
Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ tí kò mọ iná ni iná ń jó."
Ó wo ilẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ gbọ́ ohun tí agolo sọ.

"Wọ́n ní bí ọkùnrin bá ti dì mí lọ́wọ́ mú, oyún dé.
Ṣé òótọ́ ni? Omi la jọ ń pọn."

"Ṣé omi kánún lè fọ àrùn kúrò lára?"

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò tíì mọ obìnrin.
Ṣé ó burú kí n dúró?"

"Ọjọ́ tí a ń tu gbágùúdá ni mo rí ẹ̀jẹ̀.
Mo rò pé mò ń kú lọ.
Aṣọ náà ṣì wà lábẹ́ àpáta."

"Bí mo bá wá sí ilé ìwòsàn, ṣé bàbá mi ò ní gbọ́?
Ẹni tó ń kọ káàdì níbẹ̀, ìyàwó àbúrò wọn ni."

Mo dáhùn. Mo yàwòrán sójú pátákó,
ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti pe ilé-ọmọ ní ilé-ọmọ.
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn; kò sẹ́ni tó bá a rín in.
Mo ní: aṣọ abẹ́ àpáta, yọ ọ́, fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn.
Oòrùn kì í ròyìn ẹnikẹ́ni.
Ti ẹni tó ń kọ káàdì ni mi ò rí èsì gidi fún.
Mo ní kí wọ́n wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹtì sì jìnnà
sí ẹni tí wàhálà bá lọ́jọ́ Àìkú.

Ìwé kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀.
Ẹ̀yìn ìwé àjẹsára ni wọ́n kọ ọ́ sí,
irú èyí tí mo máa ń kó wálé.
Lẹ́tà g rẹ̀ ká ìrù bí ọmọńlé.
Mo mọ ìrù yẹn láti ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ìyá mi ni nọ́ọ̀sì.
Ta ni kí n bi? Ẹ gbà mí."

Mo ká a, mo fi sápò.
Mo sọ fún ogójì ọmọ pé, "Ó tán."

Lálẹ́, Ìbíwùmí ń ro láfún.
"Ẹ káàbọ̀, mà."
Ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn ló kọ sí mi.
Nígbà tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi sọ: "Ṣọ́ra."
Kò sọ ohun tí n ó ṣọ́ra fún.
Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mejì,
mo sì rò pé mo ti sọ̀rọ̀.

Mo jókòó. Èéfín ń ta mí lójú.
Mo gbé agolo sáàárín wa, ó ṣófo.
Mo fẹ́ sọ pé, mo rí ìwé rẹ.
Ohun tó jáde ni, "Láfún yìí ń ṣe kókó."
"Mo mọ̀, mà."

Mo gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀.
"Jókòó. Bi mí."

Ó wo agolo. Ó wò mí.
Ó pẹ́ kó tó la ẹnu.
Láfún jóná lálẹ́ ọjọ́ náà,
aago mẹ́wàá lù, a ò tíì jẹun.